Ohun Tí Ààtàn Mọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó jóná, kò di eérú. Wọ́n sin ín, kò rà. Ó lo ẹgbẹ̀rún ọdún lábẹ́ ilẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dà á sómi ló léfòó. Kí ni o?

Ẹni tó ní egungun, egungun kì í léfòó. Ẹni tó ní èédú, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ṣùgbọ́n èédú kí ni? Ẹ̀yin ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa, àti ìwọ àna wa láti Èmùré, ẹ fetí sílẹ̀. Oúnjẹ ni. Hóró ẹ̀wà tó bọ́ lẹ́nu ìkòkò ni, èésan tí wọ́n fi koná ni, hóró ọkà tó ta sínú ẹyin iná tí ẹnikẹ́ni kò rí ni. Ohun tí ẹnu kò jẹ, tí iná náà kò jẹ tán, ilẹ̀ a máa gbà á pamọ́.

Ohun ìyanu tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kò ní iwin nínú, kò ní ìjàpá nínú. Ìwé ìtàn ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, oríkì ọba ni wọ́n sì fi kọ́ èmi náà. Ta ló tẹ ìlú dó, ta ló jagun, ta ló gbadé. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí ni wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìlú dó. Ààfin kò mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ààtàn ló mọ̀ ọ́n.

Ìwọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, bá mi gbé igbá omi yẹn wá. Ẹ wo hóró àgbàdo tó já bọ́ sínú ààrò nígbà tí ẹ̀ ń sun àgbàdo lẹ́ẹ̀kan. Ó ti dúdú kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀pá yọ ọ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ létí ààrò, mo da òun àti hóró náà pọ̀ sínú omi, mo fi ọwọ́ rò ó. Ẹ dúró kó silẹ̀. Erùpẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ igbá. Hóró yẹn dà? Òun rèé lójú omi, ojú ibi tó ti so mọ́ ṣùkù ṣì hàn lára rẹ̀ gbangba.

Gbogbo idán náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ wa, ilẹ̀ òjò ni, ohun tútù kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ikán á jẹ tirẹ̀, ekòló á jẹ tirẹ̀, èyí tó bá kù á jẹrà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá bọ́ sábẹ́ eérú gbígbóná, níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè wọlé dáadáa, kì í jó tán. Á di èédú, ìrísí rẹ̀ á dúró: ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀, ìlà ara rẹ̀. Ikán kò ní rí nǹkan kan jẹ lára rẹ̀ mọ́. Iná tí à ń sá fún pé ó ń ba nǹkan jẹ́, òun gan-an ló sọ hóró náà di àìkú.

Àwọn awalẹ̀pìtàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń pè é jáde. Wọn kì í walẹ̀ bí ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Ìpele ìpele ni wọ́n ń gbé e, torí ohun tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Erùpẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan á wọ àpò tirẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i lára. Wọ́n á dà á sómi bí mo ti ṣe yìí, wọ́n á fi ajọ̀ gbe ohun tó bá léfòó, ajọ̀ tí ihò ojú rẹ̀ lè má tó ìdajì mìlímítà. Abẹ́ ibòji ni wọ́n ti ń sá a, torí oòrùn lè mú kó sán. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á jókòó ti awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, á máa ṣà á ní hóró kọ̀ọ̀kan, á máa fi wé èyí tí wọ́n rà lọ́jà tí wọ́n sì sun fúnra wọn kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀wà ṣe ń rí tó bá jóná. Iṣẹ́ onísùúrù ni, ẹ̀yin tí ẹ kì í lè ṣa òkúta inú ìrẹsì tán kò lè ṣe é.

"Bàbá, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀?"

O káre. Ohun gbogbo tó ń hù ló ń gba kábọ́nù sára láti inú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tó bá kú, kò ní gba òmíràn mọ́. Irú kan wà nínú kábọ́nù náà tó máa ń dín kù bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́: tí nǹkan bí ọdún 5,730 bá kọjá, ìdajì ló kù. Wọ́n á wọn èyí tó kù, wọ́n á sì ka ọdún padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí hóró ẹ̀wà kan ṣoṣo fi níyì ju ìtì igi ńlá lọ. Ìrókò lè ti lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gé e dáná. Tí o bá wọn èédú ìrókò, ọjọ́ orí igi lo lè wọ̀n, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dáná. Ẹ̀wà kì í gbé ju ọdún kan lọ lóko. Kì í pẹ́ lẹ́yìn tó bá so tí wọ́n fi ń sè é, ẹ̀rí rẹ̀ kò ní àbùlà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Àkúrẹ́, ibì kan wà tí kò jìnnà síbẹ̀, lẹ́bàá Ìsàrun, tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú. Abẹ́ àpáta ni, irú èyí tí àwọn ọdẹ máa ń sá òjò sí. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n bá egungun ènìyàn tó ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 11,000. Ní ọdún 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n ní ìrísí rẹ̀ ṣì fara jọ ti àwọn ará ìgbà láéláé ju ti àwa tòde òní lọ. Ẹ ò rí i pé igbó wa yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ènìyàn!

Ṣùgbọ́n ìpele òkè ihò náà ló kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n là mú ṣánṣán nìkan ló wà. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ òkè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí àpáàdì, wọ́n sì rí àáké òkúta tí wọ́n fi ọwọ́ pọ́n lẹ́nu títí ó fi ń dán. Ẹ mọ àáké yẹn. Òun ni ẹdùn àrá. Gbogbo àgbẹ̀ tó bá ti roko pẹ́ ló ti bá a pàdé rí, òun ló sì wà lójúbọ Ṣàngó. Wọ́n ní láti ọ̀run ni Ṣàngó ti sọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí àrá sán. N kò bá oníṣàngó jà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò ra ẹnu rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ènìyàn ló pọ́n ọn. Àwọn tó ni ín ló kọ́kọ́ fi bẹ́ igi nínú igbó yìí, kí oòrùn lè kan ilẹ̀, kí nǹkan tó ṣeé jẹ lè hù.

Ta ló kọ́kọ́ jàǹfààní oòrùn yẹn? Ọ̀pẹ ni. Ọ̀pẹ kò fẹ́ òjìji igbó kìjikìji. Ibi tí wọ́n bá ṣán ló ti ń rí ara gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Margaret Adebisi Sowunmi ti Yunifásítì Ìbàdàn ló gba ọ̀nà mìíràn kà á. Kì í ṣe èédú ló wò, lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni, èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́ kiri, tó ń bọ́ sínú ẹrẹ̀ odò lọ́dọọdún, tí ẹrẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e sì ń bò mọ́lẹ̀. Igi kọ̀ọ̀kan ni lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ní ìrísí tirẹ̀. Wọ́n gún irin oníhò sínú ẹrẹ̀ Niger Delta, wọ́n fà á jáde, ó sì ń kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tó dé ìpele nǹkan bí ọdún 2,800 sẹ́yìn, ti ọ̀pẹ ṣàdédé pọ̀ sí i. Ó ní ọwọ́ àgbẹ̀ nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ọ̀dá ló kọ́kọ́ ṣí igbó sílẹ̀ kí àgbẹ̀ tó dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á. Bó ti wù kó rí, ọ̀pẹ àti ènìyàn jọ dàgbà ni.

Ní ilẹ̀ Ghana, ọ̀rọ̀ náà tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn kan gbé níbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ ìlú Kintampo pè. Níbi tí wọ́n gbé, èésan jíjóná pọ̀, wọ́n sì bá ẹ̀wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2007, Catherine D'Andrea àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ẹ̀wà kan láti àárín gbùngbùn Ghana tó ti lé ní ọdún 3,500. Ẹ̀wà tí ìyá yín fi ṣe mọ́ín-mọ́ín láàárọ̀ yìí, ìran rẹ̀ ti ń wọ ìkòkò lẹ́bàá wa kí ẹnikẹ́ni tó dé adé ní Ilé-Ifẹ̀. Ní àríwá Mali ẹ̀wẹ̀, inú amọ̀ ni ti jéró wà. Àwọn amọ̀kòkò ìgbà náà ń po èèpo jéró mọ́ amọ̀ kí ìkòkò má baà sán. Iná jó èèpo náà tán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ìkòkò títí dòní. Láti ara ojú yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn ni jéró igbó ń di jéró oko lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá, iṣu ńkọ́?"

Hà! Mo mọ̀ pé ọmọ Èkìtì ló máa bèèrè. Iṣu ló dá mi lágara jù. Òun ni ọba oúnjẹ wa, òun là ń ṣọdún fún, òun náà ni kì í sì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Kò ní hóró tí yóò jóná. A bó o, a sè é, a gún un, ó tán. Èèpo rẹ̀, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fi èédú nìkan ka ìtàn wa, á ní a kò mọ iṣu rí. Ṣé ẹ rí i pé ẹlẹ́rìí lè sòótọ́ kó má sọ gbogbo rẹ̀ tán?

Àmọ́ wọ́n ń wá a lọ́nà ẹ̀bùrú. Sítáàṣì iṣu, ohun funfun tó máa ń silẹ̀ bí ògì yẹn, a máa há sínú ihò wínníwínní ojú ọlọ àti ẹnu ọ̀bẹ òkúta. Bí wọ́n bá fọ ibẹ̀ dáadáa, wọ́n lè rí i, ìrísí rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ọkà. Ọ̀nà kejì ni ẹ̀jẹ̀ iṣu fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2019, Nora Scarcelli àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ka àbùdá iṣu oko àti iṣu igbó 167, wọ́n sì rí i pé inú iṣu igbó kìjikìji kan ni iṣu funfun wa ti jáde, ní agbègbè odò Ọya, ní apá ibi tí a wà yìí. Kò ti òkè òkun wá. Ilẹ̀ wa ló bí i. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn àgbẹ̀ Fọ̀n àti àwọn Nàgó, tí wọ́n jẹ́ ẹbí wa, ṣì ń wa iṣu igbó títí di àkókò wa yìí, wọ́n á gbìn ín sóko, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan títí yóò fi gbà láti jẹ́ iṣu ilé. Iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá wa ṣe, kò tíì parí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ìlú. Kí ló ń jẹ́ ìlú? Ẹ má sọ fún mi pé odi àti ààfin. Ìlú ni ibi tí ẹni tí kò gbin iṣu ti ń jẹ iyán.

Ẹ ro ó wò. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀, ó bá ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15 ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀, gíláàsì náà kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ Lárúbáwá kí wọ́n tó tún un yọ́. Ohun tí wọ́n fi ṣe é yàtọ̀, tiwa ni. Ẹni tó ń ṣọ́ iná ìlẹ̀kẹ̀ tọ̀sán-tòru kò lè wà lóko lákòókò kan náà. Ẹni tó ń rọ idẹ sí ojú ọba, kò lè máa kọ ebè. Àwọn wọ̀nyí jẹun lójoojúmọ́. Ẹnì kan ló gbé oúnjẹ wá láti oko etílé àti oko ẹgàn. Ẹnì kan ló gé igi tí wọ́n fi dáná. Ẹnì kan ló sì lọ̀ ọ́, tó sè é. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Ifẹ̀ ṣe tóbi tó, ẹ má ka orí idẹ, ẹ ka ìkòkò.

Ààtàn sì mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá bá pòròpórò àti èèpo ọkà àti èso èpò oko nínú ààtàn ilé kan, ilé yẹn ló ń pa ọkà fúnra rẹ̀, oko kò jìn sí i. Bí hóró tó mọ́ nìkan bá wà níbẹ̀ láìsí èèpo, ẹlòmíràn ló ti bá wọn pa á kó tó dé. Bí wọ́n bá rí ọkà bàbà tó fẹ́ràn ilẹ̀ ọ̀dàn nínú ìlú tó wà láàárín igbó, kí ẹ wá ọ̀nà ọjà, torí ẹnì kan rù ú dé. Bí oúnjẹ ààtàn ààfin bá sì yàtọ̀ sí ti ìta, a jẹ́ pé olówó àti tálákà ti wà nínú ìlú nìyẹn.

Ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà ni ìjà àgbàdo ti bẹ́. Ẹ mọ̀ pé ojú títì wọn àtijọ́ ni wọ́n fi àpáàdì tẹ́, wọ́n to ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó le koránkorán. Ìtàn ní Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ kí ẹrẹ̀ má baà ba ẹsẹ̀ òun jẹ́. Ní Ìta Yemòó, níbi tí Frank Willett ti bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní ọdún 1957, ó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ní ọdún 1953 ni A.J.H. Goodwin tó wá láti South Africa kọ̀wé pé òun rí ojú ṣùkù àgbàdo lára àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀. Àwọn ìyá wa amọ̀kòkò a máa yí nǹkan lára ìkòkò tútù kó lè ní bátànì. Okùn ni, igi gbígbẹ́ ni, ṣùkù àgbàdo náà wà lára rẹ̀. Wàhálà dé. Ìdí ni pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, Columbus kò sì débẹ̀ kó tó di 1492. Ọ̀mọ̀wé kan, M.D.W. Jeffreys, ní, ẹ wò ó, àgbàdo ti wà ní Áfíríkà ṣáájú Columbus! Willett dá sí i, ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1962. Wọ́n ń fà á síwá sẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn dúró sí lónìí ni pé lẹ́yìn 1492 ni àgbàdo dé, nígbà tí àwọn Potogí ti ń ná etíkun wa. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìjà náà bí èrè. Ó di pé bí awalẹ̀pìtàn bá rí ojú ṣùkù àgbàdo lára àpáàdì nílẹ̀ Yorùbá, ó ti mọ̀ pé ìpele yẹn kò lè dàgbà ju ọ̀rúndún 16 lọ. Ìyá kan tó fi ṣùkù ṣe ìkòkò lẹ́wà fún ọjà ọrún ló fi ọjọ́ sí ìtàn láìmọ̀.

Ẹ gbọ́ òwe tiwa náà: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ta ló wà lókè? Iyán. Ọkà tẹ̀ lé e, èlùbọ́ iṣu náà ni. Ẹ̀kọ àti gúgúrú, tí àgbàdo ni wọ́n, wà nísàlẹ̀. Lójú tèmi, àlejò ni wọ́n fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń gbà wá lọ́wọ́ ebi kí iṣu tuntun tó ta.

Àlejò kò mọ lórí àgbàdo. Ẹ̀gẹ́, Amẹ́ríkà. Ẹ̀pà, Amẹ́ríkà. Ọ̀dùnkún, tòmátì, tábà, kòkó tí baba yín fi kọ́lé, Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Ata gan-an!

"Ata kẹ̀, Bàbá? Kí ni wọ́n ń fi sebẹ̀?"

Iyèré ni, ataare ni. Ilá wà, ẹ̀gúsí wà, epo pupa wà, irú wà. Ọbẹ̀ wọn dùn, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya àwòrán Odùduwà níwájú abọ́ ẹ̀bà, ó ṣi í yà. Gààrí kò tàn kálẹ̀ nílẹ̀ wa bí èyí tó fi di ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ sì wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ ká. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá, ìhà Éṣíà ló ti wá. Hóró kò sí nínú èyí tí à ń jẹ, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ máa ń fa ohun kan bíi yanrìn láti inú ilẹ̀, ó ń kó o sára. Ewé á jẹrà, yanrìn yẹn á kù, pẹ̀lú ìrísí tí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ní. Ní Nkang, ní Cameroon, wọ́n ní àwọn rí irú rẹ̀ tó tó ọdún 2,500. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà.

Igi tó wà láàyè náà ń jẹ́rìí. Ní Ẹdẹ-Ilé, níbi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sí láyé ìgbà tí wọ́n ń na apá ìjọba wọn wá sí ìhà igbó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Ogundiran bá igi osè tó pọ̀. Osè, igi ọ̀dàn ni. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ló mú un wá, wọ́n fẹ́ràn ewé rẹ̀ lọ́bẹ̀, ibi tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ ilé wọn. Ilé ti wó, ẹṣin ti kú, ògiri ti padà di ilẹ̀, osè ṣì dúró, ó ń sọ ibi tí àwọn tó ni ín ti wá.

Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ lóko. Bí ẹ bá wọ igbó tí ẹ bá pèrègún tó tò lọ tààrà, tí akòko dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pẹ pọ̀ lójú kan, ẹ kúnlẹ̀ wo ilẹ̀. Ahoro ni. Ẹnì kan ti gbé ibẹ̀ rí. Láyé ogun, kí Kírìjì tó parí ní ọdún 1886, ọ̀pọ̀ abúlé Èkìtì ló tú, tí àwọn ènìyàn wọn sá lọ sí ẹsẹ̀ òkè àti abẹ́ àpáta. Oríkì lè gbàgbé abúlé tí kò ní ọba. Pèrègún rẹ̀ kò gbàgbé.

Ẹ̀yin ará Ìṣẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n dárúkọ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére yín. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Arínjálẹ̀, ọba Ìṣẹ̀, ni okìkí rẹ̀ ti kàn. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní London. Ògògà gba àga ọba kan dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn wọ British Museum. Ọ̀kan nínú àwọn òpó wà ní Chicago báyìí. Ọlọ́wẹ̀ kú ní nǹkan bí ọdún 1938, ayé mọ orúkọ rẹ̀. Mo sì máa ń bi ara mi pé ta ló gún iyán tó ń jẹ ní gbogbo ìgbà tó fi ń gbẹ́ òpó yẹn? Kò fi orúkọ sílẹ̀. Èésan àti èédú àti àpáàdì ló fi sílẹ̀, ibì kan lẹ́yìnkùlé sì ni wọ́n wà.

Ìdí tí mo fi jókòó tì yín nìyí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè kọ́ ilé alájà mẹ́ta, kò lè ní ààtàn bíi ti Ìkẹ́rẹ́, bíi ti Ìṣẹ̀, bíi ti Èmùré. Síbẹ̀ katakata ń wú u, àwọn tó ń kọ́lé ń fi kún kòtò, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ń kó o nítorí pé ó lọ́ràá. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á da ti ìran ogún pọ̀ mọ́ra wọn. Èésan náà á ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ṣáájú mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tí ẹ bá àpáàdì tó tò, tàbí eérú tó nípọn, tàbí ẹdùn àrá, ẹ dá ọkọ́ dúró. Ẹ má fà á yọ. Ẹ fi fóònù ya á níbi tó wà, kí ìpele tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ hàn. Ẹ lọ sọ láàfin, ẹ sì wá àwọn tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, torí láti ọdún 1979 ni òfin ti fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù. Bí alágbàtà bá dé tó ní òun fẹ́ rà á, ẹ lé e. Ohun tí wọ́n bá ti fà yọ kúrò ní ìpele rẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ló dà, kò lè jẹ́rìí mọ́.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ìwọ, da omi igbá yẹn nù, ṣùgbọ́n yọ hóró àgbàdo yẹn kúrò ná, kí o fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ nílé ìwé. Ẹ̀yin yòókù, ẹ lọ fọ abọ́ tí ẹ fi jẹun, kí ẹ sì kí ẹni tó se é.